Ẹ̀bi Ajá Mi Tí Mo Gbé Ru Bàbá Ràfíù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Mi ò lè jókòó lójú kan mọ́. Bí mo bá wà níbi iṣẹ́, màá dìde, màá tún jókòó, màá tún dìde. Bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń wàásù, ọkàn mi á ti lọ sí Àpòmù.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nísinsìnyí ni pé lóṣù tó kọjá, ìyá tí mo tàn jẹ pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn tún fẹ́ ọmọ ajá kan lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní irú ti àkọ́kọ́ gan-an ni kí n bá àwọn wá. Mo gbé fóònù náà sílẹ̀ lórí tábìlì, mo sì ń gbọ́ ohùn wọn láti ibẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ mi. Mi ò tètè lè gbé e padà sétí.

Ìkirè ni mò ń gbé. Akọ̀wé ìjọba ni mí. Mo ti yí orúkọ àwọn tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí padà. Ẹni tó bá ṣì dá mi mọ̀, kó jọ̀ọ́ kó má tíì pariwo mi.

Lẹ́yìn iṣẹ́ ìjọba, mo ń sin ajá tà. Kì í ṣe ajá ilé lásán. Ajá Jámánì ni, àwọn ńlá wọ̀nyẹn tí etí wọn máa ń dúró ṣánṣán, tí àwọn kan ń pè ní Alusáṣíàn. Ọkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nígbà tó kú, àwọn ará ilé rò pé màá kó wọn tà dànù ni. Mi ò tà wọ́n. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí wọn. Kò pẹ́, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ti Ìbàdàn àti Ifẹ̀ wá béèrè ilé mi.

Ìyá Alájá ni wọ́n ń pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ràn orúkọ yẹn gan-an. Kó tó di ìgbà yẹn, opó lágbájá ni mò ń jẹ́. Orúkọ Ìyá Alájá ni mo kọ́kọ́ jẹ́ tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ló fún mi.

Akọ kan wà tí gbogbo wọn ń tìtorí ẹ̀ wá. Kọ́nẹ̀lì ni mo sọ ọ́. Àyà rẹ̀ fẹ̀. Bó bá dúró sí ẹnu géètì, àwọn tó ń kọjá á bọ́ sí òdìkejì ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń fẹ́.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, mo rí i pé kì í tètè dìde láàárọ̀ mọ́. Á kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ iwájú, á wá máa wọ́ ẹ̀yìn bọ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan n'Ìbàdàn. Ọ̀dọ́kùnrin ni dókítà náà. Ó ya àwòrán egungun ajá náà, ó sì gbé e sójú iná kí n lè rí i.

Ó ní, "Mà, ẹ wo ibí yìí. Ó yẹ kí orí egungun itan yìí jókòó sínú ihò ìbàdí, bí ọmọ odó ṣe ń jókòó sínú odó. Tirẹ̀ ò jókòó. Ó ń yọ̀ jáde."

Mo bi í bóyá ajá náà ṣubú ni. Ó ní rárá, pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Ó ní àwọn ajá ńlá báyìí ní àìsàn tó wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ó ní àwọn kan wà tí etí wọn máa ń rà, àwọn kan wà tí inú wọn máa ń wú tí á sì lọ́ pọ̀ bí wọ́n bá jẹun yó tán tí wọ́n bá sáré. Ṣùgbọ́n ó ní ti ìbàdí yìí, baba ló máa ń fún ọmọ.

Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó sanra, mà. Àwọn ọmọ ajá tẹ́ ẹ ní nílé náà, ẹ má bọ́ wọn jù, kí egungun wọn má baà máa gbé ohun tí agbára ẹ̀ ò tíì ká. Eléyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gun abo kankan mọ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo gba àwòrán náà. Nígbà tí mo délé, mo fi sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ọkọ mi.

Abo mi ti ń wá akọ lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn mẹ́ta ti ń dúró de ọmọ ajá lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún ara mi pé ọmọdé ni dókítà yẹn. Mo sọ fún ara mi pé àwọn tó ti ra ọmọ Kọ́nẹ̀lì tẹ́lẹ̀ ò tíì ráhùn. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ebi ń pa mí. Ebi ò pa mí. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé bí àwọn èèyàn bá gbọ́, wọn ò ní máa béèrè ilé mi mọ́.

Mo jẹ́ kó gùn ún.

Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé oṣù méjì, Màmá Tíṣà dé láti Àpòmù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Màmá Tíṣà jẹ́ fún yín. Àpòmù ni mo dàgbà sí. Àwọn ló kọ́ mi ní ìwé karùn-ún. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ yọ mí kúrò níléèwé kí n lè máa tẹ̀ lé ìyá mi lọ sóko, Màmá Tíṣà wá sílé wa. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé láti ìgbà tí iléèwé ti ṣẹ́ títí tí bàbá mi fi ti oko dé, tí wọ́n wẹ̀, tí wọ́n jẹun. Wọn ò dìde títí bàbá mi fi gbà. Bí mo ṣe di akọ̀wé nìyẹn.

Wọ́n ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn wà lókè òkun. Àwọn olè ti ń gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé àwọn èèyàn ládùúgbò wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ ajá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ajá náà wá sùn sórí bàtà wọn. Wọ́n ní èyí náà ni àwọn máa mú. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ ní Bánidélé.

Ọ̀rọ̀ wá sí mi lẹ́nu nígbà yẹn. Mo ti fẹ́ sọ pé, "Mà, ẹ ní sùúrù, ọ̀rọ̀ kan wà nípa baba ajá yìí." Wọ́n yíjú sí obìnrin tó tẹ̀ lé wọn wá. Wọ́n ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí. Ohun tó bá tọwọ́ ẹ̀ jáde, ojúlówó ni."

Mo pa ẹnu mi dé. Kódà, mo tún fi kún un. Mo ní kí wọ́n máa bọ́ ọ dáadáa kó lè tóbi kíá. Ohun tí dókítà ní kí n má ṣe gan-an ni mo ní kí wọ́n máa ṣe. Màmá Tíṣà sì jẹ́ ẹni tó máa ń tẹ̀ lé ìtọ́ni. Wọ́n ń fún un lẹ́yin, wọ́n ń fún un lẹ́ja, wọ́n ń bá a pín àkàrà tí wọ́n bá fẹ́ jẹ láàárọ̀.

Aládùúgbò Màmá Tíṣà ni Bàbá Ràfíù. Àgbẹ̀ ni wọ́n, kòkó ni wọ́n ń gbìn. Ìyàwó wọn, Ìyá Ràfíù, ni ọ̀rẹ́ tí Màmá Tíṣà fẹ́ràn jù ní gbogbo Àpòmù. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé. Àlàfo kan wà lára ògiri tó wà láàárín ilé méjèèjì, ibẹ̀ ni ìrẹsì Kérésì máa ń gbà kọjá, ibẹ̀ náà ni ẹran Iléyá máa ń gbà wá.

Nígbà tí Bánidélé pé bí oṣù mẹ́wàá, Màmá Tíṣà pè mí. Wọ́n ní bó bá ń sáré, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì máa ń fò pọ̀ bíi ti ehoro. Wọ́n ní bó bá jókòó, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń jókòó lé.

Mo ní, "Ó ń dàgbà ni, mà. Yóò lọ."

Orí ìdúró ni mo wà nígbà tí mo sọ ọ́. Mi ò lè jókòó mọ́ lọ́jọ́ náà.

Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n tún pè mí. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní Bàbá Ràfíù ti fi igi ṣẹ́ ajá àwọn nídìí. Mo gun ọ̀kadà láti Ìkirè, mi ò tiẹ̀ tọrọ àyè níbi iṣẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Bàbá Ràfíù sá kòkó síwájú ilé wọn. Ajá náà gba àlàfo ògiri kọjá, ó sì ń sáré lórí kòkó. Bàbá mú ọ̀pá kan, wọ́n ń fi lé e. Bí ajá náà ṣe fẹ́ yí padà lójijì, ó ké, ó sì ṣubú lulẹ̀. Kò lè dìde mọ́. Igbe yẹn ni Màmá Tíṣà gbọ́ tí wọ́n fi jáde. Ohun tí wọ́n rí ni ajá nílẹ̀ àti ọ̀pá lọ́wọ́ Bàbá Ràfíù.

Nígbà tí mo débẹ̀, èrò ti pé. Bàbá Ràfíù ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé, "Wàláì, ọ̀pá mi ò kàn án." Mo kúnlẹ̀ ti Bánidélé. Mo fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀. Kò wú. Kò bó. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan níbẹ̀. Mo rọra gbé ẹsẹ̀ náà, egungun náà sì yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi bí dókítà ṣe júwe rẹ̀.

Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo mọ̀.

Màmá Tíṣà dúró lé mi lórí. Wọ́n ní, "Ìwọ lo mọ ajá. Sọ fún wọn. Ṣé igi kọ́ ló ṣe èyí?"

Gbogbo èrò yíjú sí mi. Bàbá Ràfíù náà ń wò mí. Ojú wọn balẹ̀, nítorí wọ́n rò pé ẹni tó mọ̀ ti dé.

Mo ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀, mà."

Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Bàbá Ràfíù ò bú mi. Wọn ò búra mọ́. Wọ́n fi ọ̀pá náà ti ògiri, wọ́n padà sídìí kòkó wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i sódì kó lè gbẹ.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀ àdúgbò. Wọ́n ní kí Bàbá Ràfíù bẹ Màmá Tíṣà. Nítorí àlàáfíà, bàbá bẹ̀ wọ́n fún ohun tí wọn ò ṣe. Ṣùgbọ́n Màmá Tíṣà ò gbà. Wọ́n pe bíríkìlà, wọ́n ní kó fi búlọ́ọ̀kù dí àlàfo ara ògiri. Nígbà tí Iléyá dé, Ìyá Ràfíù fúnra wọn gbé ẹran gba ojú títì wá. Màmá Tíṣà dá abọ́ náà padà pẹ̀lú ẹran inú rẹ̀.

Bánidélé lò tó ọdún kan sí i. Mo ń lọ sí Àpòmù lọ wò ó, mo ń gbé oògùn ìrora lọ, Màmá Tíṣà sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ wo irú ọpẹ́ tí mo ń gbà. Nígbà tí kò lè gbé ìdí nílẹ̀ mọ́ rárá, wọ́n ní kí dókítà wá fún un ní abẹ́rẹ́ tó máa fi sinmi. Èmi ni mo di orí rẹ̀ mú. Màmá Tíṣà ò lè wò ó. Wọ́n wà ní yàrá, wọ́n ń ṣépè fún ẹni tó fa ikú ajá àwọn. Mo gbọ́ èpè náà láti ibi tí mo wà. Èmi ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ fún, àwọn ni ò mọ̀.

Èyí tó burú jù ló kàn. Lọ́dún tó kọjá, Ìyá Ràfíù kú. Ọjọ́ kejì tí àìsàn dé sí wọn lára ni wọ́n kú. Wọ́n sin wọ́n lọ́jọ́ náà, bí àwọn Mùsùlùmí ṣe máa ń ṣe. Gbogbo àdúgbò wà níbẹ̀. Màmá Tíṣà ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Wọn ò lọ síbi òkú ọ̀rẹ́ wọn. Wọn ò lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Títí di òní, wọn ò tíì kí bàbá pé wọ́n kú ọ̀fọ̀.

Èmi lọ síbi àdúrà yẹn. Mo jókòó lórí àga ike láàárín àwọn obìnrin. Ọmọbìnrin òkú gbé oúnjẹ wá fún mi, ó ní òun mọ̀ mí, pé èmi ni Ìyá Alájá. Mi ò lè jẹ ẹ́. Mo dìde, mo jáde, mo rìn títí mo fi dé ojú títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kí n tó rántí pé mo gbàgbé bàtà mi, mo sì wọ bàtà ẹlòmíì.

Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti nísinmi. Mo ní kí wọ́n tẹ Kọ́nẹ̀lì lọ́dàá. Mo pe gbogbo àwọn tó ra ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ ohun tó wà lára rẹ̀ fún wọn, mo sì júwe bí wọ́n ṣe máa tọ́jú wọn. Àwọn kan bú mi. Àwọn kan dúpẹ́. Gbogbo wọn ni mo pè àfi ẹnì kan ṣoṣo.

Òun náà ló wá pè mí lóṣù tó kọjá, tó ní irú Bánidélé lòun tún fẹ́. Nígbà tí mo padà gbé fóònù náà, mo ní Kọ́nẹ̀lì ò lè bímọ mọ́. Wọ́n bi mí pé kí ló dé. Mo ní ó ti dàgbà ni. Irọ́ tún nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ sí Àpòmù. Mi ò yà sọ́dọ̀ Màmá Tíṣà. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ràfíù ni mo lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Alásárì tán ni, wọ́n ń gbé bùùtà wọn kúrò nílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: àwòrán egungun, ohun tí dókítà sọ, ohun tí ọwọ́ mi kàn lọ́jọ́ yẹn, àti ohun tí ẹnu mi sọ.

Bàbá gbọ́ mi dé òpin. Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Mo ní, "Ẹ mọ̀, sà?"

Wọ́n ní, "Mo máa ń rí ajá yẹn látìgbà tó ti wà ní kékeré. Bó bá fẹ́ dìde, ọwọ́ iwájú ló fi ń wọ́ ara ẹ̀. Mo mọ̀ pé àìsàn ti wà lára ẹ̀."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Wọ́n ní, "Ta ni màá sọ ọ́ fún? Ìwọ tó o mọ ajá ti sọ tìẹ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí a jọ lọ sílé kejì nísinsìnyí kí n lè sọ ọ́ lójú àwọn méjèèjì. Bàbá Ràfíù mi orí wọn pé rárá. Wọ́n ní kí n má sọ fún Màmá Tíṣà.

Wọ́n ní, "Tíṣà ò wá síbi òkú ìyàwó mi. Ó rò pé òun ní ìdí. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni. Tí o bá lọ gba ìdí yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí, kí ló fẹ́ kù fún un? Jẹ́ kó máa bínú sí mi. Ó ti mọ́ mi lára. Ìbínú sàn fún un ju àbámọ̀ lọ."

Mo ní, "Ṣé ẹ ti dárí jì mí, sà?"

Wọ́n ní, "Mo ń gbìyànjú ẹ̀."

Mo dìde kúrò níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ló ń tì mí lójú jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí bàbá ṣe ní kí n má sọ ọ́, ara tù mí. Ara tù mí gan-an. Mo dé etí títì, mo rí i pé mo ti fẹ́ máa kọrin. Mo wá dúró. Mo bi ara mi léèrè pé ṣé nítorí Màmá Tíṣà ni mo fẹ́ dákẹ́ ni, àbí nítorí kí wọ́n lè máa pè mí ní ojúlówó títí wọ́n á fi kú.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá pinnu pé màá lọ sọ ọ́, mo rí ojú bàbá. Bí mo bá pinnu pé màá dákẹ́, mo rántí pé bàbá ò jókòó síwájú ilé wọn mọ́ lálaalẹ́, nítorí bí Màmá Tíṣà bá rí wọn níbẹ̀, wọ́n á pòṣé, wọ́n á wọlé. Mo rántí pé nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ Màmá Tíṣà wá láti òkè òkun, màmá ní kí wọ́n má kí ìkà ilé kejì yẹn.

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ayé jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má kàn sọ pé kí n gbàdúrà. Mo ń gbà á. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èwo nínú wọn ni kí n gbọ́ràn sí lẹ́nu: ṣé ẹni tí mo purọ́ mọ́, tó bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́, àbí ẹni tí mo purọ́ fún, tó ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé òótọ́ inú ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi gbé ẹran Iléyá wá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́ kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn. Àwọn méjèèjì ti dàgbà.